Ìwé Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Àtijọ́ Tí Ọmọdé Wà Nínú Ewu: Ṣé Ọmọdé Ló Ni Ín àbí Àgbà?

Ìyá kan gbé ìwé kan wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan ní Àkúrẹ́ níbí. Ọwọ́ àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba ló ti rà á fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 10. Ọmọ náà fẹ́ràn ìwé kíkà, owó ìwé tuntun kò sì ṣeé sún mọ́ mọ́. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ti àtijọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìwé Hardy Boys, ìtàn ọmọkùnrin méjì tó ń wádìí ọ̀ràn. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n yà sí iwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn, ọkùnrin kan sì dúró lẹ́yìn wọn. Páálí ẹ̀yìn ìwé náà ti bó, òwú tí wọ́n fi rán an ti yọ síta.

Ìyá náà ní, "Tísà, ọmọ yìí kò sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá di òru, á jí, á máa bi mí bóyá àwọn ọmọ inú ìwé yẹn bọ́. Ẹ wò ó, wọ́n ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́ inú ihò àpáta, omi sì ń wọlé bá wọn! Irú ìwé wo ni wọ́n ń kọ fún ọmọdé báyìí? Ṣé kí n jó o ni?"

Mo ní kó má tíì jó o, kó fi í sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn òbí mìíràn lórí WhatsApp, ariyanjiyan ńlá ló dá sílẹ̀. Ẹnì kan ní ìwé ọmọdé ni, òun náà kà á nílé ẹ̀kọ́. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ìwé tí òun kà nígbà tòun, wọ́n pa ọmọ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kí ni gbogbo wa ń pariwo sí, ṣebí Fágúnwà náà kọ ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ àlàyé yìí.

Kí ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gan-an?

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ẹni tó ń wádìí ọ̀ràn, yálà ó jẹ́ ọlọ́pàá tàbí kò jẹ́ ọlọ́pàá. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ìtàn tí ẹnì kan ti dá ọ̀ràn nínú rẹ̀, tí a kò mọ ẹni náà tàbí bó ṣe ṣe é, tí ẹlòmíràn wá ń fi ojú, etí àti làákàyè wá ìdí rẹ̀ títí àṣírí fi máa tú. Àwọn tí ọ̀ràn náà lè já lé lórí là ń pè ní afurasí. Àwọn ohun kéékèèké tó ń tọ́ka sí ẹni tó ṣe é ni ẹ̀rí: bàtà tó dọ̀tí, ìwé tó ya, ọ̀rọ̀ tó já bọ́ lẹ́nu èèyàn láìròtẹ́lẹ̀.

Ká ní ẹ se ọbẹ̀ sílẹ̀, ẹran mẹ́fà wà nínú ìkòkò, ẹ ti ọjà dé, ẹ bá mẹ́rin. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé. Èyí àkọ́kọ́ ní òun ti ń sùn láti àárọ̀, ṣùgbọ́n ẹní rẹ̀ wà ní kíká. Ìkejì ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ìkẹta ti ń sunkún kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ kò na ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó, ẹ wo ọwọ́ wọn, ẹ wo ọmọrí ìkòkò, ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ ń ṣe yẹn ni iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Òǹkọ̀wé kàn ń fẹ̀ ẹ́ di odindi ìwé ni.

Bí àlọ́ àpamọ̀ ni irú ìtàn yìí rí. Ẹni tó ń pa àlọ́ ti fi ìdáhùn pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó sọ. Bí o kò bá já a, kì í ṣe pé ó rẹ́ ọ jẹ, ìwọ ni o kò wò ó dáadáa. Ní ọdún 1929, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, tí òun náà ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, to òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé. Ó ní ọ̀daràn náà gbọ́dọ̀ ti hàn nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àlejò tó máa ṣàdédé yọ jáde ní ìparí. Ó ní ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, kí òǹkàwé náà rí i. Ó tún ní kí wọ́n má lo ẹ̀mí àìrí tàbí agbára àràmàǹdà láti fi tú àṣírí.

Òfin ìkẹyìn yìí ló ya Fágúnwà sọ́tọ̀. Òkè-Igbó nítòsí Oǹdó ni wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí, ọmọ wa ni, a sì ń fi í yangàn. Ewu pọ̀ lóòótọ́ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí à ń wá níbẹ̀. A mọ ẹbọra, a mọ ọdẹ, ìjà ló kù. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àṣírí ni olórí ọ̀rọ̀. Nílé wa, bí nǹkan bá sọnù, ẹlòmíràn á gba ilé babaláwo tàbí ilé wòlíì lọ kó tó ronú. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ọ̀nà yẹn pa, kì í ṣe láti tàbùkù Ifá, bí kò ṣe pé òǹkàwé kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ tó lè bá wọn dá nínú ìwé.

Ìgbà wo ni ọmọdé wọ inú rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìtàn tí Edgar Allan Poe tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1841 ló bẹ̀rẹ̀ irú ìwé yìí. Àgbà ni gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ní 1887, òǹkọ̀wé Arthur Conan Doyle mú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ń jẹ́ Sherlock Holmes jáde, ibẹ̀ ni a ti rí àwọn ọmọ ìgboro kan tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣílè kan lójúmọ́ ni Holmes ń san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìdí tó fi gbà wọ́n ni pé wọ́n lè lọ síbi gbogbo, wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo, nítorí kò sí ẹni tó ń ka ọmọ ìgboro sí. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń gbérò, tó wo àwọn ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá, á mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n mọ ẹni tó wọ ọkọ̀, wọ́n mọ àpò tó gbé, kò sì sí àgbà kankan tó máa rántí ojú wọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n nínú ìwé Holmes. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé àkọ́kọ́ tó fi ọmọdé ṣe olórí gan-an, tó sì rìn káyé, ni èyí tí Erich Kästner kọ ní Jámánì ní 1929, Emil und die Detektive. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ díẹ̀, nítorí ohun gbogbo tí mo fẹ́ ṣàlàyé ló wà nínú rẹ̀.

Emil ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó, tó ń ṣe irun fún àwọn obìnrin. Ìyá náà fún un ní 140 máàkì, owó ilẹ̀ wọn nígbà náà, kó gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ìyá àgbà rẹ̀ ní ìlú Berlin. Kí owó má bàa jábọ́, Emil fi abẹ́rẹ́ kan owó náà mọ́ inú àpò aṣọ rẹ̀. Ó sùn lọ nínú ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó jí, owó ti lọ, ọkùnrin onífìlà kan tí wọ́n jọ jókòó ti lọ pẹ̀lú. Kí ló dé tí kò ké sí ọlọ́pàá? Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kun imú ère ìjòyè kan ní pupa ní ìlú rẹ̀, ó sì rò pé wọ́n á mú òun. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ọkùnrin náà lẹ́yìn nílùú tí kò mọ ẹnì kan. Àwọn ọmọ Berlin dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n pín iṣẹ́: àwọn kan ń ṣọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ẹnì kan jókòó ti tẹlifóònù. Nígbà tí wọ́n ká olè náà mọ́ báńkì, ó ní owó òun ni. Kí ni ẹ̀rí? Ihò abẹ́rẹ́ tó wà lára owó náà.

Òǹkàwé ti rí abẹ́rẹ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àdídùn irú ìwé yìí wà. Nígbà tí ìjọba Hitler sun ìwé Kästner ní gbangba ní 1933, wọ́n dá ìwé Emil sí, nítorí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń kó ọmọdé sínú ewu?

Ìbéèrè ìyá yẹn nìyí, ó sì tọ́ kó béèrè.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé ọmọdé kò ní ohun tí àgbà ní. Àgbà á wọ ọkọ̀, á pe lọ́yà, á ju káàdì síta. Ọmọdé, kí ló ní? Ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bó bá sọ ohun tó rí, wọ́n á ní kó lọ jókòó. Nítorí náà, bí ọmọdé bá já àṣírí, òǹkàwé mọ̀ pé làákàyè nìkan ló fi já a. Chinua Achebe lo ọgbọ́n yìí ní 1966 nínú Chike and the River. Ọmọ ọdún 11 tó ti abúlé wá sí Onitsha ni Chike. Gbogbo ohun tó fẹ́ ni kó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá odò Niger lọ sí Asaba. Sísì kan ni owó rẹ̀, kò sì ní in. Nígbà tó dé òdìkejì tán, ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn, ó sì bá ara rẹ̀ nítòsí àwọn olè. Ìgbà tí mo wà ní ọmọdé ni mo kà á. N kò bẹ̀rù olè. Ohun tí mo bẹ̀rù ni pé wọn kò ní gba Chike gbọ́.

Ìdí kejì ni eré bojúbojú. Ẹ rántí bí ọkàn yín ṣe máa ń lù kìkì nígbà tí ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹni tó ń wá yín ń bọ̀. Ìbẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó dùn ni, nítorí ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ sì mọ̀ pé eré á parí, gbogbo yín á lọ jẹun. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọmọdé jẹ́ eré bojúbojú tí wọ́n kọ sínú ìwé. Òǹkọ̀wé ti bá ọmọ dá májẹ̀mú kó tó bẹ̀rẹ̀: màá mú ọ lọ síbi tó ṣókùnkùn, màá sì mú ọ padà.

Àwọn àlọ́ wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Olúrómbí fi ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ìrókò, a sì ń pa á fún ọmọ ọdún márùn-ún lóru, láìsí iná.

Ṣùgbọ́n n kò ní fojú di ìbẹ̀rù ìyá yẹn. Ìjínigbé ti di ohun tí à ń gbọ́ lójú ọ̀nà wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ní Ẹmùrẹ́-Èkìtì tí kò jìnnà sí wa, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbé nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé. Ilé tí irú rẹ̀ bá ti kàn rí, èmi kò ní gbé ìwé tí wọ́n ti de ọmọ mọ́lẹ̀ fún ọmọ ibẹ̀, bó ti wù kí ìwé náà dára tó. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ti ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà?

Ẹ má wo iwájú ìwé. Ẹ wo ojú ẹni tí a fi ń rí ìtàn náà. Nínú ti ọmọdé, ojú ọmọ ni a fi ń ríran, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣírí ti ń tú, ó sì máa ń padà sílé. Nínú ti àgbà, ọmọ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi, kí àgbà wá máa wádìí rẹ̀.

Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àpẹẹrẹ tó yéni jù. Nínú Hallowe'en Party tó jáde ní 1969, ọmọbìnrin ọdún 13 kan sọ lójú gbogbo èèyàn pé òun rí ibi tí wọ́n ti pààyàn rí. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, wọ́n ní òpùrọ́ ni. Kí òde ọjọ́ náà tó tú, wọ́n ti rì í sínú báàfù omi tí wọ́n kó èso ápù sí. Ẹ wo bí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣe jọ ti Chike: ọmọ rí nǹkan, àgbà kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú yẹn kò sí nínú rẹ̀. Ìwé àgbà ni. Nínú Murder on the Orient Express ti 1934, ọ̀ràn ọmọ kékeré kan tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ó jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ní Amẹ́ríkà ní 1932, nígbà tí wọ́n jí ọmọ Charles Lindbergh, awakọ̀ òfuurufú, gbé. Wọ́n san 50,000 dọ́là, síbẹ̀ òkú ọmọ ni wọ́n rí. Ẹni tó ní ìwé tí òun kà, wọ́n pa ọmọ nínú rẹ̀, kò purọ́. Orí ṣẹ́ẹ̀fù àwọn òbí rẹ̀ ló ti mú un.

Ní èdè tiwa, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mú Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé ni akọni rẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ púpọ̀. Wọ́n ń kà wọ́n nílé ẹ̀kọ́ girama, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà ló ń dáràn, àgbà ló ń wádìí. Mo fẹ́ kí ẹnì kan kọ ti ọmọdé púpọ̀ ní Yorùbá, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń tọ ipasẹ̀ olè kòkó láti oko dé ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ìtàn wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí ìwé àtijọ́ kan náà fi ń yàtọ̀ síra?

Ibí yìí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù. Hardy Boys bẹ̀rẹ̀ ní 1927, Nancy Drew, ti ọmọbìnrin tó ń wádìí ọ̀ràn, ní 1930. Franklin W. Dixon ni wọ́n kọ sí ara ti àkọ́kọ́, Carolyn Keene sí ara ìkejì. Kò sí èèyàn tó ń jẹ́ méjèèjì. Iléeṣẹ́ Edward Stratemeyer ní Amẹ́ríkà ló ń gbé iṣẹ́ fún àwọn òǹkọ̀wé, tó ń san owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì ń fi orúkọ àdàpè síwájú ìwé. Leslie McFarlane, ọmọ Kánádà, ló kọ àwọn Hardy Boys àkọ́kọ́. Mildred Benson ló kọ àwọn Nancy Drew àkọ́kọ́, 125 dọ́là ni wọ́n san fún un lórí ìwé kan. Bí ìwé náà ṣe wá tà tó, kò kàn án.

Láti 1959, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn ìwé àtijọ́ náà kọ. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àbùkù tí wọ́n ti sọ sí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn àjèjì, wọ́n pààrọ̀ ọkọ̀ àti aṣọ tí ìgbà wọn ti lọ, wọ́n sì gé ìwé kúrú, láti orí 25 sí orí 20. Àwọn kan wà tí wọ́n yí gbogbo ìtàn inú wọn padà, tó jẹ́ orúkọ nìkan ló ṣẹ́ kù. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè ka ìwé kan náà, kí wọ́n máa jà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, kó sì jẹ́ pé kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Ẹ ka iye orí tó wà nínú àtòkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ 25, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àtijọ́. Ẹ jókòó ti ọmọ kà á, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti bú àwọ̀ wa, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé ẹni tó kọ ọ́ ṣàṣìṣe.

Ọmọ tí kò sùn ńkọ́?

Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyá náà lọ tán, mo ṣí ìwé ọmọ náà. Àtòkọ iwájú rẹ̀ ní orí 25. Mo ṣí ẹ̀yìn, níbi tí òwú ti yọ síta. Ààrin orí 23 ni ìwé parí sí. Àwọn ọmọ méjèèjì wà nínú ihò àpáta, omi ti dé àyà wọn, ojú ewé tó kàn kò sí mọ́. Ọmọ ọdún 10 tó ti gun òkè Ìdànrè rí, tó mọ bí inú àpáta ṣe ń tutù, ti fi ọjọ́ mẹ́ta dúró sínú omi yẹn pẹ̀lú wọn. Kò bẹ̀rù ìwé. Òǹkọ̀wé ni kò tíì mú un padà.

Mo wá ẹ̀dà mìíràn, mo rí ọ̀kan. Ọmọ náà gbà á, ó jókòó, kò pẹ́ ló gbé e padà fún mi. "Tísà, kì í ṣe òun nìyí o. Orí 20 ló ní. Àwọn tibí kò tilẹ̀ wọ inú ihò kankan."

Mo pe ọ̀rẹ́ mi kan ní Oǹdó, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní àpótí ìwé lábẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ kejì ló pè mí padà, ó ní òun rí i, kò sì ní orí kankan tó já. A lọ sílé ìyá ọmọ náà, mo gbé fóònù sórí àga, mo ṣí i kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ láti ààrin orí 23, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Ọmọ náà dì mọ́ orúnkún rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń já ẹ̀fọ́ nínú atẹ́, ó ní òun kò gbọ́ tiwọn. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀fọ́ náà. Wọ́n ju okùn sínú ihò, wọ́n fa ọmọ kan jáde, wọ́n fa ìkejì jáde.

Ìyá náà tẹ̀ síwájú sí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí wọ́n ti fa ìkejì jáde yẹn, ẹ tún un kà."